Ìlú Tí Ìwé Bí

Nínú gbogbo ẹ̀bùn tí Elédùmarè fi jíǹkí ọmọ káàárọ̀-oòjíire, ọ̀kan tí a kì í sábà dúpẹ́ lé lórí ni agbára láti fi ẹ̀rín ráhùn. Nítorí pé ẹni tí ó ń sunkún ráhùn, àánú rẹ̀ a ṣe wá fún ìgbà díẹ̀, a ó sì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ráhùn tí ó sì pa wá lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a bá wa délé, ọkọ a sọ ọ́ fún aya, aya a sọ ọ́ lọ́jà, títí tí yóò fi dé etí ẹni tí a torí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará Kétu àti àwọn ará Yewa ti mọ èyí kí a tó bí àwọn baba ńlá wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya òru kan sọ́tọ̀ fún Ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí akọrin a bọ́ sí gbangba ọjà lábẹ́ ààbò àwọn ìyá wa, tí yóò máa fi orin tú àṣírí olè, ti alágbèrè àti ti ìjòyè aláṣejù, láìsí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti dì í mú. Àjọ UNESCO pàápàá ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní ọdún 2001. Àwọn ará Ìbàdàn ní Òkèbàdàn tiwọn, ọjọ́ tí ọmọdé ń bú àgbà tí ìjà kò sì sí. Nígbà tí ó di ayé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá aláwàdà, so agogo ńlá mọ́ ara, ó gbé férémù awò tí kò ní dígí sójú, gbogbo wa sì rín in títí omi fi bọ́ lójú wa. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé yóò so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ọwọ́, tí ẹ̀rọ náà yóò sì máa pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn díẹ̀.

Àbújá, olú-ìlú wa, kò ní òru Ẹ̀fẹ̀. Ìlú àjọgbé ni, Hausa ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò ń bẹ níbẹ̀, Yorùbá, Tiv, Nupe àti Ìdomà ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí àwọn ìyá kan tí gbogbo wọn jọ ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi ààbò bo akọrin. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ èrò ní Kubwa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ fetí sílẹ̀: kí ọkọ̀ tó dé Berger, ẹ ó ti gbọ́ àròyé tí akọrin Ẹ̀fẹ̀ ìbá fi odidi òru kọ lórin, láti ẹnu olùkọ́, láti ẹnu alágbàfọ̀, láti ẹnu akọ̀wé ìjọba tí ó wọ kóòtù sínú oòrùn, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀, ẹ̀rín kan náà ni gbogbo wọn sì ń rín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín.

Kí ohun tí wọ́n ń rín tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe bí ìlú náà. Ìlú mìíràn, ọdẹ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí ó ń lépa ẹran, tàbí ọmọ ọba kan tí ó bínú kúrò nílé baba rẹ̀. A ó bi Ifá, a ó gbin pèrègún, kí a tó kọ́ ahéré àkọ́kọ́. Ti Àbújá kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì ni ó tẹ Àbújá dó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ kan tí Adájọ́ Akínọlá Agúdà jẹ́ alága rẹ̀, tí Tai Ṣólàrìn onísòkòtò péńpé sì wà lára wọn, pé kí wọ́n wá ibi tí a ó gbé olú-ìlú sí, nítorí pé Èkó ti kún àkúnya. Wọ́n fi àbọ̀ jẹ́ kí ọdún náà tó parí, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1976, òfin ti jáde tí ó sọ ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú-lóròó di ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n ti ń dáko tí wọ́n sì ti ń mọ ìkòkò níbẹ̀ láti ayébáyé, gbọ́ ìròyìn náà nínú oko wọn. Orúkọ pàápàá, gbígbà ni wọ́n gbà á: ìlú àtijọ́ kan ti wà nítòsí tí ń jẹ́ Àbújá, wọ́n bọ́ orúkọ lára rẹ̀ fún olú-ìlú, ìlú tí ó ni orúkọ sì di Suleja. Àwọn onímọ̀ ya àwòrán ìlú náà parí ní ọdún 1979, Kenzo Tange, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán-ilé Japan, ni wọ́n gbé àárín gbùngbùn rẹ̀ fún, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni Ọ̀gágun Babangida sì kó ìjọba kúrò ní Èkó.

Gbòǹgbò ẹ̀fẹ̀ náà nìyẹn. Ní ìlú tí ìwé ti ṣáájú ènìyàn dé, bí ìwé bá sọ ọ̀tọ̀ tí ojú sì rí ọ̀tọ̀, ìwé ni wọn yóò gbà gbọ́, ojú ni wọn yóò ní kí ó lọ tún ara rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òpópó. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n sọ òpópó Àbújá lórúkọ kò wo ilé, àwòrán ayé ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ní Maitama, níbi tí àwọn ọlọ́lá àti àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ń gbé, orúkọ odò ni ọ̀pọ̀ òpópó ń jẹ́: Mississippi ń bẹ níbẹ̀, Danube ń bẹ níbẹ̀, Nile, Rhine, Thames àti Ganges ń bẹ níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Íjíbítì dé Jámánì kí oòrùn tó kanrí, bàtà rẹ̀ kò sì ní tutù. Lókè lọ́hùn-ún, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà márosẹ̀ kan ni ó là á kúrò lára Maitama, ni Mpape wà, ilé lórí òkúta, páànù lórí páànù, níbi tí ẹ̀rọ omi ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ agboolé, tí àwọn ọmọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní mai ruwa sì ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè kiri ojúlé ní kùtùkùtù. Ìyàwó ilé tí ó bá jí ní Mpape lè dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa wo Nile àti Mississippi nísàlẹ̀, kí ó sì máa yọwó kẹ́ẹ̀gì omi. Àwọn baba wa ní ènìyàn kì í gbé etí odò kí ó máa fi itọ́ bọ́jú. Wọn kò tíì rí Àbújá ni.

Ní Wuse, ìlú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi sọ wọ́n: Accra, Lomé, Kútọnu, Parakou, Addis Ababa, Libreville. Wọn kò gbàgbé àwọn àgbà Yorùbá náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọ̀nà ńlá ní ìhà Utako àti Jabi, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ní tirẹ̀ ní Garki, mo sì gbọ́dọ̀ yin ọgbọ́n ẹni tí ó ya àwòrán náà, nítorí pé láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti pínyà nínú ìṣèlú ní ọdún 1962, kò sí ẹni tí ó tún lè mú wọn pàdé, ọ̀nà wọn ní Àbújá kò sì pàdé. Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni ó wà lára pátákó, tí wọ́n dùn ún kà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ takisí pé òpópó Rhine ni ẹ ń lọ, yóò wò yín bí ẹni tí ó béèrè ọ̀nà ọ̀run, yóò ní, "Ìtòsí ibo nìyẹn, ọ̀gá?" Ẹ ó wá rántí pé ó súnmọ́ ibi tí Mọ́là kan ti ń sun súyà, inú rẹ̀ yóò dùn, ẹ ó sì gbéra. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn sọ ni ó ń gbé wọn kiri: Berger, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọ̀nà, Banex, nítorí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ìwé kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Iná ọba ńkọ́? Ẹni tí ó bá rò pé abíkú ti tán láyé, kí ó wo ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wa. Ní ọdún 1972 ni wọ́n bí i tí wọ́n sọ ọ́ ní NEPA. Nígbà tí ó kú kú kú tí ó sú gbogbo ayé, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà ní ọdún 2005, ó di PHCN. Orúkọ tuntun kò dá a dúró, nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣe abíkú tí ó bá ya olórí kunkun, wọ́n pín in fún àwọn oníṣòwò, èyí tí ó kan Àbújá sì ń jẹ́ AEDC. Abíkú sọ olóògùn di èké. Ẹ dúró ní Lugbe tàbí ní Gwarinpa ní alẹ́ tí iná bá dé lójijì, ẹ ó gbọ́ àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọn kò rí i rí, tí wọ́n ń fi gbogbo ohùn kígbe pé "Up NEPA!"

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwa tí ń ra iná sí ẹgbẹ́ márùn-ún. Ẹgbẹ́ A ni yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Ẹgbẹ́ E, ẹni ẹ̀yìn, wákàtí 4. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó ìwọ̀n iná kan fún ẹgbẹ́ A fò láti 68 náírà sí 225 náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ A sì ti di nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní Àbújá: oyè ni fún onílé tí ó ń wá ayálégbé, àrùn ni fún ayálégbé tí ó ti wọlé. Mo mọ agboolé kan tí wọ́n ti para pọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ láti gba iná ẹgbẹ́ A. Àwọn kan náà ni wọ́n tún para pọ̀ nígbà tí oṣù parí, tí wọ́n kọ ìwé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dá àwọn padà sínú òkùnkùn tí àwọn ti mọ̀ lára. Nígbà tí ariwo pọ̀, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà fún iná mọ̀nàmọ́ná nígbà náà, Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, bá wa wí pé a kì í ṣọ́ iná lò, a ń fi fírísà sílẹ̀ lórí iná fún ọjọ́ bí mélòó kan. Àwọn ìyá tí ń ta ẹja dídì ní ọjà Garki fẹ́ mọ ohun tí fírísà yóò máa ṣe bí kò bá sí lórí iná.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo àròyé iná ti wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2024 náà, nígbà tí AEDC tẹ ìkìlọ̀ jáde pé àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn ẹ̀ka ìjọba tí iye wọn jẹ́ 86 jẹ wọ́n ní gbèsè tí ó lé ní bílíọ̀nù 47 náírà, àti pé bí wọn kò bá san án láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn yóò já wáyà wọn. Orúkọ Aso Villa, ilé tí Ààrẹ ń gbé, wà nínú ìwé ajigbèsè náà, mílíọ̀nù 923 náírà ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Àwọn ará Villa ní rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ̀tún-tòsì jókòó, wọ́n tún ìṣírò ṣe, gbèsè náà di mílíọ̀nù 342, Ààrẹ sì ní kí wọ́n san án.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìṣírò yìí, nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Àwa mẹ̀kúnnù ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé owó tí wọ́n ń kọ sínú ìwé iná tí wọ́n ń já sẹ́nu ọ̀nà wa, àfojúdá lásán ni, èsì tí wọ́n sì ń fún wa ni pé kí a lọ san án ná, kí a tó wá ráhùn. Villa kò san án ná. Villa ní kí wọ́n tún un kà, bí wọ́n sì ti tún un kà, ohun tí ó ju ìdajì gbèsè náà lọ ti fẹ́ lọ bí èéfín. Ohun tí ó ṣe àkàlàmàgbò tí ó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mọ́ ẹyin ni: nínú ètò ìnáwó ọdún 2025, bílíọ̀nù 10 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti gbé ẹ̀rọ iná oòrùn sí ilé Ààrẹ. Bí ẹni tí ó ni NEPA bá ń sá fún NEPA, ta ni yóò wá bá onílé Kubwa wí nítorí pé ó ra jẹnẹrétọ̀?

Ibi tí ìjọba ìwé ti wà nínú ògo rẹ̀ jù lọ ni ìdí nọ́ńbà. Nígbà ìwáṣẹ̀, bí àlejò bá wọ ìlú, a ó béèrè ilé baba rẹ̀, yóò ní ọmọ Oníkòyí ni òun, tàbí ọmọ Òpómúléró, tàbí ọmọ Olúfẹ̀. A ó wo ilà ojú rẹ̀, a ó ki í, orí rẹ̀ yóò wú, ọ̀rọ̀ ti parí. Lónìí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN jẹ́ ẹyọ 11, nọ́ńbà BVN ti báńkì jẹ́ ẹyọ 11, nọ́ńbà fóònù jẹ́ ẹyọ 11, kò sì sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò wú orí ènìyàn bí ẹ bá fi kí i láàárọ̀. Ìjọba gba àtẹ̀ka wa fún káàdì ìdánimọ̀ ní ọdún 2003. Wọ́n gbà á fún síìmù fóònù ní ọdún 2011, wọ́n gbà á fún káàdì ìdìbò ní ọdún kan náà. Báńkì àpapọ̀ ní kí a wá tẹ̀ ẹ́ fún BVN láti oṣù Kejì ọdún 2014. Àwọn tí ń ṣe ìwé ìwakọ̀ gbà á, àwọn tí ń ṣe ìwé ìrìnnà gbà á, àjọ NIMC, tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2007, gbà á fún NIN. Ìka mẹ́wàá náà ni. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan jókòó lé tirẹ̀ lórí, wọn kò sì fọkàn tán ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan yóò fi béèrè lọ́wọ́ èkejì.

Ní àárín oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àṣẹ jáde pé fóònù ẹnikẹ́ni tí kò bá ti so NIN mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pípa ni wọn yóò pa á. Ẹ rántí irú ọdún tí ọdún náà jẹ́: ọdún kòrónà ni, ọdún tí wọ́n ti ilé Ọlọ́run, tí ọkọ ń jìnnà sí aya bí ó bá sín. Ìjọba tí ó ti ní kí a má ṣe súnmọ́ ara wa náà ni ó pe gbogbo ayé jọ sí òpópó Sokodé ní Wuse, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ NIMC wà, èrò sì ya dé láti Nyanya, láti Kuje, láti Gwagwalada, wọ́n há mọ́ ara wọn gádígádí, ẹni tí ó ní ìbòmú fi í bo àgbọ̀n, wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́jà sì ti pàtẹ búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n sún ọjọ́ ìkẹyìn síwájú, ọjọ́ ìkẹyìn kejì dé, wọ́n sún òun náà. Ọjọ́ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó dí ipè àwọn tí kò so tiwọn pọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀fẹ̀ náà láìsan owó, kí ó lọ jókòó ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyá arúgbó bá wá tẹ ìka. Ìyá tí ó ti fi ọwọ́ náà gún iyán, tí ó fi fọ aṣọ, tí ó fi ro oko, tí ó fi rẹ aró láti ìgbà èwe rẹ̀, ìlà ìka rẹ̀ ti parẹ́ tán. Yóò gbé ìka lé dígí, ẹ̀rọ yóò ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. "Màmá, ẹ tún un tẹ̀." Yóò tún un tẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ nù ún." Yóò nù ún. "Màmá, ó ní ẹ kò sí níbẹ̀." Ìyá yóò wá wo ọmọdékùnrin náà tìyanu-tìyanu, yóò ní, "Ọmọ mi, bí n kò bá sí níbẹ̀, ta ni ó ti ń dá ọ lóhùn láti àárọ̀?" Ìbéèrè náà kò ní àpótí tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

Kì í sì í ṣe ìka nìkan. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, báńkì yóò ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé ó ń gbé ilé tí ó ń gbé, ẹ̀rí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù lọ ni ìwé owó iná. Onílé yín kò tó ẹ̀rí, aládùúgbò kò tó, pásítọ̀ àti lèmọ́mù kò tó. Iná tí kì í wá sí ilé náà ni yóò jẹ́rìí pé ẹ̀yin ń bẹ níbẹ̀. Nígbà kan rí ni mo pe báńkì kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí owó tí ó poórá nínú àkáǹtì mi, ohùn obìnrin kan sì kí mi tayọ̀tayọ̀ láti inú ẹ̀rọ pé bí mo bá fẹ́ sọ Yorùbá, kí n tẹ 2. Mo tẹ 2, inú mi dùn, obìnrin náà fi Yorùbá sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, ó sì fi èdè Òyìnbó bá mi sọ gbogbo ìyókù.

Àwọn agboolé ìgbàlódé pẹ̀lú kò gbẹ́yìn nínú àṣà nọ́ńbà yìí. Ní Yorùbá, ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá kí ènìyàn kì í gba àṣẹ. Yóò kan kágò ni, a ó sì bu omi fún un. Ní ọ̀pọ̀ agboolé oníbodè ní Àbújá, àlejò gbọ́dọ̀ ní kóòdù tí onílé ti fi fóònù ránṣẹ́ sí i, bí fóònù rẹ̀ bá sì kú, òun náà ti kú lójú ẹ̀ṣọ́. Wọ́n sọ fún mi nípa ìyá àgbà kan tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó gbé gààrí àti ẹ̀lùbọ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ibodè, tí ẹ̀ṣọ́ sì kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó tó ní, "Màmá, kóòdù yín ńkọ́?" Ìyá ní, "Èmi ni mo bí ẹni tí ó ni kóòdù náà." Ẹ̀ṣọ́ náà, ọmọlúàbí ni, ó gbé àga fún un, ṣùgbọ́n lórí àga náà ni ó wà títí ọmọ rẹ̀ fi jáde nínú ìpàdé.

Lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà, n kò ní pẹ́, nítorí pé àwọn tí ń gbé Nyanya yóò sọ ọ́ jù mí lọ. Àwọn lébìrà tí wọ́n kọ́ ìlú ni wọ́n pa àgọ́ Nyanya fún, àwọn tí ń bá ìlú náà ṣiṣẹ́ lónìí sì ti kún inú rẹ̀ títí wọ́n fi ṣàn kọjá dé Mararaba, tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láàárọ̀ kí ó tó dé ìdí tábìlì rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin fún ìlú, ó gùn tó kìlómítà 45, Ààrẹ Buhari ṣí i ní oṣù Keje ọdún 2018, ó sì dára púpọ̀. Kìkì pé ó lọ sí Idu àti pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò sì lọ sí Nyanya. Kòrónà dá a dúró ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ tún un ṣí ní ọdún 2024, iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́kọ́ ní láti ṣe ni kí wọ́n la ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà dé àwọn ibùdó rẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní tí ọkọ̀ ń gbà gbéra, nígbà tí ó sì bàjẹ́, wọ́n ti gbogbo pápá náà pa láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017 títí di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, tí ẹni tí ń ti Àbújá lọ sí Èkó, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní láti kọ́kọ́ gun òkè lọ sí Kàdúná kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ owó kẹ́yìn nítorí pé kò sí ẹ̀fẹ̀ tí ó tún lè tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde ní Àbújá pé wọn yóò pa 200, 500 àti 1,000 náírà láwọ̀ dà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, Ààrẹ Buhari ṣí aṣọ lójú wọn. A wò wọ́n títí, a rí i pé àwọn àgbà tí ó wà lórí wọn kò yí padà, àwọ̀ ni ó yí. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ìbá sì ti bá wọn ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n fún wa di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 kí a kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì, a sì kó o lọ. Báńkì gbà á, ó kí wa pé a ṣeun, nígbà tí a wá ní kí ó fún wa ní tuntun, kò sí. Wọ́n sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, tuntun kò sì sí síbẹ̀. Ẹni tí ó ní owó nínú fóònù kò rí àkàrà rà, nítorí pé aláàkàrà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tí ó ní owó àtijọ́ lọ́wọ́ kò rí ẹni tí yóò gbà á. Àwọn baba wa ní owó ni a fi ń pe owó: lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, ní àwọn ibòmíràn, ẹni tí ó fẹ́ 10,000 náírà ń san 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kà á fún un. Wọ́n ń fi owó ra owó, wọ́n sì ń yọwó ọjà náà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ìparí ọdún náà. Nígbà tí ìparí ọdún ń súnmọ́, ní oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ náà tún ní kí a máa ná an lọ láìfi ọjọ́ sí i. Lónìí, 1,000 náírà àtijọ́ àti 1,000 náírà tuntun ń ra iye tòmátò kan náà ní ọjà Wuse.